Òdo Tí Tíṣà Kọ Síwájú Iṣẹ́ Mi

Ẹ dúró ńbẹ̀, Tíṣà! Ẹ má wulẹ̀ yọ́ ẹsẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà yẹn bí ẹni tí ò rí mi. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí yín, ṣùgbọ́n mo mọ ìró bàtà yín. Ẹ wọlé. Mi ò lè dìde wá bá yín, ṣé ẹ rí i pé Màmá yín ló fara ti èjìká mi yìí, tí mo bá sún báyìí wọ́n á ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, oúnjẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ á gba ọ̀nà èémí lọ. Dókítà ní kí wọ́n jókòó ṣánṣán fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ìrọ̀rí? Mẹ́ta ló wà lẹ́yìn wọn yẹn, gbogbo rẹ̀ ti yọ̀ lọ. Èmi ni ìrọ̀rí kẹrin!

Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè. Kí ni mò ń ṣe báyìí? Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọkọ mi, mi ò bá yín ṣeré lónìí. Ṣé iṣẹ́ ni àbí kì í ṣe iṣẹ́? Ẹ wá ń wolẹ̀. Ẹ ò wolẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ jókòó ti ọmọ mi nídìí tábìlì, tí ẹ ń bá a ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un wá láti ilé ìwé.

Ẹ ní tí ènìyàn bá ń ti ògiri láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ògiri ò sún, kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ ní iṣẹ́ ni kí a mú ipá tí a fi ti nǹkan, kí a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ibi tó sún dé. Ó dáa, ògiri lẹ sọ, kò kàn mí. Ọmọ ló béèrè, ọmọ tí mo fi ikùn ara mi bí: “Bọ̀ọ̀dá, tí Mọ́mì bá wá di Màmá àgbà mú kí wọ́n má bàa ṣubú ńkọ́?” Mo wà ní kíṣíìnì, mo dáwọ́ dúró, mo ń tẹ́tí, mo ṣe bí ẹ máa gbè mí ni. Ẹ ní òdo.

Ó ní tí Mọ́mì bá gbé wọn láti yàrá dé balùwẹ̀ ńkọ́? Ẹ ní ipá ń lọ sókè, ìrìn ń lọ síwájú, àwọn méjèèjì ò bára wọn tan, òdo. Tó bá wá rọra gbé wọn kalẹ̀ sórí àga? Ẹ ní ìyẹn tilẹ̀ burú jù, iṣẹ́ ọ̀hún ti lọ sísàlẹ̀ òdo! Háà! Mo gbé ènìyàn kalẹ̀ jẹ́jẹ́ kí egungun rẹ̀ má bàa kán, iṣẹ́ mi tún wá kéré sí òdo! Ṣé tí mo bá jù wọ́n sílẹ̀ gbì ni n bá gba máàkì?

Ìgbà tí mo bá gbé wọn sókè lórí bẹ́ẹ̀dì nìkan lẹ kà sí. Ẹ bá ọmọ ṣírò rẹ̀, ẹ ní igba júùlù ni, òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn iṣẹ́, ẹ ní agbára inú ègé búrẹ́dì kan ṣoṣo jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ẹ wá jọ rẹ́rìn-ín. Mo rí ìwé ọmọ náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà: “Mọ́mì mi di Màmá àgbà mú. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jẹ́ òdo.” Olùkọ́ rẹ̀ fi bírò pupa máàkì rẹ̀, ó ní ó gbà á. Ẹni tí ò mọ̀ mí rí!

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ ti ń yọ̀, ẹ jẹ́ n fà yín sókè. Tíṣà, mo fà wọ́n sókè o, ẹ sáré kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní agbára kì í sọnù, pé ó kàn máa ń yí padà ni? Tèmi wá dà? Mo jẹun láàárọ̀, ebi ti tún ń pa mí, òógùn ń ṣàn ní ìpàkọ́ mi, ẹsẹ̀ mi òsì ti kú, ẹ̀yìn ń ro mí gógó. Níbo ló lọ? Ó di ooru? Ooru! Ọdún mẹ́rin gbáko tí apá kan ara Màmá ti rọ, yàrá ni mo kàn ń mú gbóná!

Ẹ̀gbọ́n yín wá ńkọ́, ọkọ mi gan-an? Sátidé Sátidé ló ń gbé Màmá, fìrì, ó ti gbé wọn tán, ó ti jáde. Ẹ ní ẹni tó bá yára ṣe iṣẹ́ kan náà ló lágbára jù. Òun ló lágbára! Òun náà ló ní òun á dé láago méjìlá òní wá gba Màmá lọ́wọ́ mi. Aago kan ti kọjá, fóònù rẹ̀ ò lọ.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń dùn mí? Obìnrin ilé ìwòsàn tó ń gba àwọn tí yóò máa tọ́jú aláìsàn pè mí lánàá. Ó ní kí n wá lónìí láago méjì, lẹ́yìn òní wọn ò gbà mọ́. Ó wá bi mí pé, “Màdáàmù, iṣẹ́ wo lẹ ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rin yìí?” Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo lanu, ohun tó jáde ni, “Mi ò ṣe iṣẹ́ kankan, mà.” Èmi! Ẹnu ara mi! Ẹ̀yin lẹ fi sí mi lẹ́nu, Tíṣà! Obìnrin náà ní kí n ṣáà máa bọ̀. Mo gbọ́dọ̀ lọ tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe lójú rẹ̀. Tí òní bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, àárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri yìí ni n ó hewú sí.

Kí lẹ wí? Ó rẹ̀ yín? Ẹ dúró síwájú pátákó láti àárọ̀, ẹ ò gbé nǹkan kan sókè, kí ló rẹ̀ yín?

Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ wá síbí. Ẹ fi èjìká yín síbi tí tèmi wà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ fi ọwọ́ òsì gbá ọrùn wọn mú. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà ẹ gbé wọn lọ sí balùwẹ̀. Ẹ̀rù ń bà yín? Ó máa ń ba èmi náà.

Yéè, orúnkún mi. Mo ti dìde, mo ń lọ nìyẹn. Màmá? Màmá, ẹ fi ìró mi sílẹ̀. Tíṣà, ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún wọn, èyí tó ṣì le yẹn, ìró mi ni wọ́n dì mú. Màmá, n ó padà wá, òótọ́ ni. Wọn ò jù ú sílẹ̀! Rárá o, ẹ má já a gbà, ẹ má fọwọ́ kan ìka wọn! Ẹ wo ojú tí wọ́n fi ń wò mí. Mo fẹ́ràn wọn, Tíṣà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n pẹ́ níbí.

Ó dáa. Ó dáa, Màmá mi. Ẹ mú un. Mo ti tú u nìyí, ẹ máa fi bora. Hà hà hà! Tíṣà, kí lẹ ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí? Síkẹ́ẹ̀tì òde mi wà lábẹ́ rẹ̀, láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti wọ̀ ọ́.