Torí Pé Ó Ń Pè Mí Ní “Ìwọ”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, wọ́n máa yẹgi fún mi. Mi ò mọ ọjọ́. Bí wọ́n bá ti ń ṣí ìlẹ̀kùn irin láàárọ̀, màá ní ó dé nìyẹn. Àwọn wọ́dà tó ń ṣọ́ mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí gan-an, “ìwọ” sì ni wọ́n ń pè mí. Mo ń dáhùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni mo ṣe pa èèyàn.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Nígbà tí owó epo ń ya wọ̀lú, ọkùnrin kan kọ́ ilé ìwòsàn sí Ìsọlọ̀, lójú ọ̀nà Òkè-Afà, fún àwọn arúgbó tí ọmọ wọn ò ráyè tọ́jú. Mo ríṣẹ́ níbẹ̀. À ń wẹ̀ wọ́n, à ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò. Lásísì, ọmọ Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ní ká jọ máa ṣe é. Ó ti lo ọdún méjì níbẹ̀ kí n tó dé, ṣùgbọ́n mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ lọ́jọ́ orí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé póò lé mi lọ́wọ́. “Ìwọ, lọ da ìgbẹ́ yìí nù.”

“Ta lò ń bá wí? Ṣé mo jọ ẹgbẹ́ ẹ ni?”

“Èmi ni mo ṣáájú níbí. Bó o bá fẹ́ kí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ kí ẹ, padà sí Èkìtì.”

Àwọn nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Háà, ara mi gbóná!

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì Bàbá Fọlákẹ́, arúgbó tí àìsàn ti mú ahọ́n àti apá ọ̀tún rẹ̀. Bí Lásísì ṣe kẹ̀yìn, mo da tíì sí aṣọ náà. Nọ́ọ̀sì àgbà bá a wí bí ẹni ń bá ọmọdé wí, ó sì dùn mọ́ mi gan-an. Ohun kékeré ni, àbí? Ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀.

Kò yéé pè mí ní ìwọ. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá láti Òṣòdì, ó gbọ́ ọ. Nílé, ó ní, “Bàbá Túndé, ṣé ọmọ yẹn ló ń bá yín sọ̀rọ̀ báyẹn?” Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀dì òyìnbó tí a ń lò ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n máa ń gbé sókè, kí aláìsàn má baà ṣubú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Lásísì wà nídìí Bàbá Fọlákẹ́, ó jáde lọ pọnmi. Mo sọ irin náà kalẹ̀, mo bá tèmi lọ. Bàbá ṣubú, itan rẹ̀ ṣẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń kérora, mi ò padà. Wọ́n ní àwọn máa lé Lásísì dànù.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọlé bá mi níbi tí mo ti ń nu ara Bàbá.

“Ìwọ lo sọ irin yẹn kalẹ̀. Mo bi Bàbá nígbà tó o kọjá láàárọ̀, ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí ẹ. Mò ń lọ sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà.”

“Lásísì, jọ̀ọ́, dúró.”

“Ìwọ ìkà yìí!”

Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo fa ọ̀pá irin tí wọ́n ń gbé omi dírípù kọ́, mo là á mọ́ ọn lórí. Ó ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lójú. Ó gbọ́wọ́ sókè, mo tún là á mọ́ ọn, eegun ọwọ́ náà ṣẹ́.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má pa mí. Ẹ forí jì mí, sà.”

Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ etí mi, mo gbọ́ ọ ketekete, mo sì tún ń là á mọ́ ọn títí agbárí rẹ̀ fi fọ́. Bàbá Fọlákẹ́ ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì, kò lè pariwo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹnì kan bá rí yín fín níbi iṣẹ́, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá, tàbí kẹ́ ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da tíì yẹn. Láràárọ̀, wọ́dà á kanlẹ̀kùn, á ní, “Ìwọ, dìde,” màá sì dìde. Lásísì lẹni ìkẹyìn tó pè mí ní ẹ̀gbọ́n.