Ohun Tí Mo Sọ Nídìí Omi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó dá ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀ ní Ifangni ló wá bẹ̀ mí pé kí n wá kọ́ àwọn bí òṣìṣẹ́ ṣe ń finú tán ara wọn. Wọ́n ní ẹ̀yin àgbà lẹ mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ síyín nìyẹn.

Nígbà Rẹfolúsíọ̀n, tí ìjọba ológun ní dọ́gbadọ́gba ni gbogbo èèyàn, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí ìjọ dá sílẹ̀ fún àwọn tí kò lówó. Obìnrin kan, Ẹ̀gbọ́n Felisi, ni nọ́ọ̀sì àgbà, òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní àṣà kan tó fi lélẹ̀ láàárín wa. Láràárọ̀, bí a bá ń fọwọ́ nídìí báàfù, ẹni tó bá ti ṣe àṣìṣe á sọ ọ́ níbẹ̀. A kì í bú u. A ó jọ wá àtúnṣe ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Ẹ̀gbọ́n Felisi máa ń ní, "Ohun tá a bá sọ nídìí omi, ká dà á nù pẹ̀lú omi." Iṣẹ́ dùn ún ṣe nígbà náà, mi ò ní purọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n fi aṣojú Rẹfolúsíọ̀n kan jẹ lé wa lórí. Ó ní kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò mọ́, kámáráàdì ni gbogbo wa. Ó dá ìpàdé kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní otokíritíìkì. Níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, wàá ka ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ tàbí ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá dákẹ́, ọ̀tá ìlú ni.

Èmi ni mo máa ń se abẹ́rẹ́ nínú omi híhó kí kòkòrò àìsàn ara rẹ̀ lè kú. Lọ́jọ́ kan, mo ń kánjú lọ sí Igolo lọ ra aṣọ ìgbéyàwó mi. Omi ò tíì hó tí mo fi kó abẹ́rẹ́ kúrò lórí iná. Ẹ̀gbọ́n Felisi ò mọ̀. Ó fi ọ̀kan gún Káyọ̀dé, ọmọ àgbẹ̀ kan láti Ko-Koumolou. Itan ọmọ náà wú, ó ṣọyún, ó sì sọ ọ́ di arọ.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà wá, mo sọ òtítọ́ nídìí omi. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n Felisi sunkún, ó ní ká kọ́kọ́ tọ́jú ẹsẹ̀ ọmọ. Kò bú mi.

Lọ́jọ́ ìpàdé, aṣojú béèrè ẹni tó ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Bàbá ọmọ jókòó síbẹ̀. Ojú aṣojú wá dúró lórí mi. Ẹ̀rù bà mí, mo rántí ìgbéyàwó mi, mo sì dìde.

"Kámáráàdì Felisi ni," ni mo wí. "Òun ló kó abẹ́rẹ́ kúrò lórí iná kí omi tó hó."

Ẹ̀gbọ́n Felisi wò mí. Gbólóhùn kan ni ì bá fi gba ara rẹ̀ là, ṣùgbọ́n nídìí omi ló ti gbọ́ ọ. Ó dákẹ́.

Wọ́n lé e, wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó lọ ń dáko ní Daagbé. Èmi ni wọ́n fi sípò rẹ̀, aṣọ tí mo rà ní Igolo náà ni mo sì fi ṣègbéyàwó. Láti ìgbà náà, a panu mọ́ nídìí báàfù. Oníkálukú ń bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn aláìsàn ló sì ń jìyà rẹ̀.

Káyọ̀dé ti dàgbà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan, síbẹ̀ ó ń fi alùpùpù gbé èèyàn ní Igolo. Màmá ló ń pè mí. Kì í gbowó lọ́wọ́ mi, torí ó ní èmi ni mo wẹ egbò òun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó gbé mi lọ sí Daagbé. Mo fẹ́ lọ bẹ Ẹ̀gbọ́n Felisi. A bá a níwájú ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó kí wa káàbọ̀. Káyọ̀dé tutọ́ sílẹ̀.

"Màmá, obìnrin tó sọ mí di arọ nìyẹn."

"Máa lọ," ni mo dá a lóhùn, a sì kọjá lọ láìsọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù.

Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n Felisi ti mọ gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Káyọ̀dé ni kò mọ̀, òun náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ yẹn bẹ̀ pé kó wá gbé mi lọ síbi ìpàdé wọn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un kí n tó gun alùpùpù rẹ̀ ni, àbí lẹ́yìn tó bá ti gbé mi débẹ̀?