Ọwọ́ Mi Tí Kò Wẹ Àdùnní

Nínú àlá mi, gbogbo ìka mi a máa nà gbọnrangandan. Màá rí ara mi lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ìsọlọ̀, ọmọ tuntun lórí itan mi, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn láti àtẹ́lẹwọ́ mi sí ẹ̀yìn rẹ̀, oòrùn àárọ̀ sì ń tàn nínú ooru omi náà bí ẹni pé inú kùrukùru ni a jókòó sí. Bí mo bá jí, ìka mi á ti ká, oríkèé wọn á ti wú, yóò sì tó wákàtí méjì kí n tó lè di ṣíbí mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé mi yìí, ìrora yìí kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún. Irọ́ tí mo fi bò ó ni.

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní yunifásítì, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọbìnrin pé kí wọ́n má gba ohunkóhun gbọ́ láìrí ẹ̀rí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí ilé alájà ń hù bí olú láti Òṣòdì dé Ọ̀kọ́ta, oríkèé tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní kì í ṣe làkúrègbé tí a ń fi òrí pa lásán. Ara mi ló ń bá ara rẹ̀ jà, kò sì sí oògùn tí yóò lé e lọ pátápátá. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń wí bí ọwọ́ ìyá arúgbó bá ká? Wọ́n á ní ẹ wo ohun tó fi ọwọ́ yẹn ṣe láyé. Èmi tí n kò gbà pé àjẹ́ wà, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má pè mí ní àjẹ́!

Ìgbà náà ni Fúnmi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí, bí Àdùnní. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ó gbé e wá sọ́dọ̀ mi kí n máa wẹ̀ ẹ́ fún un. Ó ti gbé omi kaná, ó ti to kànrìnkàn àti ọṣẹ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi kò lè di ọrùn ọmọ mú, áńbọ̀sìbọ́sí kí n nà án lápá, kí n jù ú sókè. Mo fa ìborùn bo ọwọ́, mo gbójú sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì.

"Kò sí ẹ̀rí kankan pé jíju ọmọ sókè ń ṣe é ní oore," ni mo wí. "Àṣà ayé àtijọ́ ni. N kò ní bá yín lọ́wọ́ sí i."

Ìyá Ràṣí, alájọgbélé wa, bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Màmá Tíṣà! Ẹ kàwé kàwé, ẹ ka ìwẹ̀ ọmọ gbàgbé! Fúnmi fúnra ẹ̀, ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni." N kò lè purọ́ ìyẹn.

Fúnmi kò rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ jù mí sókè. Ó wá kan ọmọ tèmi, ó di ayé àtijọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ rẹ̀ wá láti Ìwó. Mo jókòó sí ẹ̀yìn fèrèsé, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń dún, bí ọmọ ṣe ń ké, bí obìnrin náà ṣe ń kì í. Èéfín ilé iṣẹ́ ń rọra kọjá lórí òrùlé, réluwéè ń fọn fèrè lọ́nà Òṣòdì, ó sì dà bí ẹni pé ilé ẹlòmíràn ni mo ti ń wò wọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Fúnmi ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́ta rèé. Ó tún ti lóyún. Lẹ́tà rẹ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Màámi, ẹ má ṣe ìyọnu láti wá. Ìyá ọkọ mi yóò wẹ ọmọ." Kò sí èébú nínú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Wọ́n ní ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Èmi fi tèmi pamọ́ sábẹ́ ìwé tí mo kà. Àárọ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, nítorí bírò kì í dúró lọ́wọ́ mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ ṣí ìborùn níwájú ọmọ mi, àbí ó ti pẹ́ jù? N kò lè wẹ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n, mo lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan omi wò, kí n sọ fún wọn bóyá ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìka tó ká lè ṣe ìyẹn.