Afẹ́fẹ́ Tí Lábọ̀dé Dí

Nígbà tí ẹsẹ̀ Lábọ̀dé wú dé orúnkún, tí dókítà sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, ó ránṣẹ́ pe gbogbo ẹbí. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà nínú òun tí òun kò ní gbé wọ ibojì, ó sì ní kí wọ́n pe Sidonie, ìyàwó àbúrò òun, wá láti Okpomèta. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti lé obìnrin náà jáde, pé ó fi májèlé pa Gaston ọkọ rẹ̀.

Sidonie gun alùpùpù akérò, zẹ́mijan, wá. Kò kúnlẹ̀, kò sì jókòó. "Ẹ sọ ohun tí ẹ ní í sọ." Flora, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí Lábọ̀dé sì tọ́ dàgbà, kọjú sí ògiri.

Lábọ̀dé bẹ̀rẹ̀. Ọmọ bàbá kan ni òun àti Gaston, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe: ọ̀dà ọkọ̀ ni wọ́n ń fín. Abẹ́ igi máńgòrò ni Lábọ̀dé ti ń fín tirẹ̀. Eruku pupa a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, ewé a sì máa já lé e. Gaston ní tirẹ̀ kọ́ṣẹ́ dé láti Kútọnu, ó mọ ilé kan tí yóò máa fín ọkọ̀ sí sẹ́yìn yàrá rẹ̀. Ó ta aṣọ sójú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Ó gbẹ́ ihò kejì sísàlẹ̀ ògiri, nítorí òórùn ọ̀dà wúwo, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ. Fáànù ń fà á gba inú páìpù kọjá òrùlé. Ìta ló gbé ẹ̀rọ tó ń yí fáànù náà sí, kí iná má baà ta sí òórùn ọ̀dà.

"Àwọn oníbàárà mi ń kọjá níwájú mi lọ bá a," Lábọ̀dé wí. "Ìlara ni. Ẹ má wá orúkọ mìíràn fún un."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Gaston ń fín ọkọ̀ tíṣà kan, Lábọ̀dé gun àkàbà, ó ki àpò èèpo àgbàdo bọ ẹnu páìpù, ó sì fi okùn dì í pinpin.

"Mo ní kí ọ̀dà náà bàjẹ́ ni. Àbí irọ́ ni mo tún ń pa? Gaston fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi pé òórùn yẹn ń pa ènìyàn! Mo dúró sẹ́yìn ògiri. Mo gbọ́ tó ń wúkọ́, tó ṣubú. Mo gbọ́ tó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí!' Àpò ni mo kọ́kọ́ lọ tú. Mo jù ú sínú oko ẹ̀gẹ́ kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ó ti kú."

Akíndé, olórí ẹbí, fò dìde. "Ọbẹ̀ ńkọ́? Ìwọ lo sọ fún wa pé o rí Sidonie tó da nǹkan sínú ọbẹ̀!"

"N kò rí nǹkan kan. Abọ́ oúnjẹ tó gbé wá fún ọkọ rẹ̀ ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà, mo sì nàka sí i pé májèlé wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo kó ẹrù rẹ̀ síta. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí mi."

Ẹnìkan pòṣé. Ẹlòmíràn ṣépè. Lábọ̀dé ń sunkún. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkejì yín bá mọṣẹ́ jù yín lọ, ẹ lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Gaston bẹ̀ mí kí n wá kọ́ ọ, mo kọ̀. Sidonie, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ìyá mi gbọ́ tí wọ́n ń pè mí ní apànìyàn títí tó fi kú," Sidonie dáhùn. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yìí bí ìyàwó, kò pè é ní "ìwọ" rí. "Ìwọ Lábọ̀dé, Ọlọ́run ni kí o lọ bẹ̀. Èmi kò dárí jì ọ́."

Flora, tó ti tutọ́ sílẹ̀ nígbà kan tí òun àti ìyá rẹ̀ pàdé lọ́jà, fi orúnkún wọ́ lọ síbi ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Sidonie wò ó títí.

"Dìde," ló wí. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà náà. Lọ kó aṣọ rẹ."