Gbogbo Òṣìṣẹ́ Ni Mo Bi Léèrè, Àfi Àǹtí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí n má baà ya wèrè. Bí mo ṣe jókòó yìí, Àǹtí Ràṣídà wà nínú yàrá kejì, kò sì mọ̀ pé ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni wọ́n fẹ́ fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ Monday. Mo fẹ́ sọ fún un, ẹnu mi ò gbà á. Irú kí lèyí!

Ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ló gbé mi wá sí Manchester. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń ra ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní ERP, tó ń so ẹrù rírà, ẹrù títà, ìṣirò owó àti owó oṣù pọ̀ sójú kan. Iṣẹ́ tèmi ni láti tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn án, dé ìgbà tí wọ́n gbé e wọlé, dé ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò ó, títí yóò fi gbó tí wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí àjèjì wá máa tú ìdí ilé iṣẹ́ òun wò? Gbogbo ibi tí mo kọ̀wé sí, wọn ò dá mi lóhùn. Àǹtí ló gbà mí là. Ọmọ Ìlọrin ni, mọ́ṣáláṣí la ti pàdé. Ó fún mi ní yàrá nílé rẹ̀ ní Moss Side. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ń fi ṣíbí bu ògì sí mi lẹ́nu. Òun náà ló mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ashton, níbi tí wọ́n ti ń ta páìpù, tó sọ fún ọ̀gá wọn pé ọmọ òun ni mí. Ọ̀gá gbà mí láyè, bí mo bá máa fún òun lábọ̀ ohun tí mo bá rí.

Ètò tuntun náà ti wọlé nígbà yẹn, àmọ́ kò bára mu. Kọ̀ǹpútà á ní kò sí páìpù, páìpù á sì kún ilẹ̀. Mo bi àwọn awakọ̀, mo bi àwọn tó ń tajà, mo bi akọ̀wé owó. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, pé níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù wọlé, wọn kì í tètè fi í sórí kọ̀ǹpútà. Ta ló wà níbẹ̀? Àǹtí nìkan. Ó yẹ kí n bi òun náà, àbí kò yẹ? Mi ò lè bi í. Ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, kí n wá gbé fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ síwájú rẹ̀, kí n ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń jáfara? Ẹ̀kọ́ ilé ni mo pè é. Mo ní mi ò kúkú ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo kọ ọ́ pé ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù wọlé ni ìṣòro wà, mo sì fún ọ̀gá lábọ̀ bí mo ti ṣèlérí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi tí mi ò tíì dàgbà, mo ti mọ ìkà ṣe!

Lánàá, Àǹtí ti ibi iṣẹ́ dé, ó na fóònù sí mi. “Bá mi wo ohun tí manager kọ. Screen yìí ń ṣú fún mi.” Ọ̀gá ní kó wá sí meeting lọ́jọ́ Monday lórí iṣẹ́ rẹ̀ tó ń falẹ̀, ó sì lè mú ẹnìkan dání. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú àbọ̀ mi gan-an ló lò. Mo ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ń ríran dáadáa ṣá?” Ó jókòó.

“Ojú ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Mo wà lórí waiting list fún operation. Nígbà tá a ń lo pépà, mo máa ń kọ ọ́ gàdàgbà. Ti kọ̀ǹpútà yìí, bí eèrà ló rí. Mo máa ń dúró kí àwọn yòókù lọ jẹun, kí n tó lè sún mọ́ ọn wò. O ò gbọdọ̀ sọ fún wọn o! Wọ́n á ní mo ti darúgbó.”

Bí mo bá sọ ọ́, bóyá wọ́n á bá a sọ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà di ńlá, wọ́n á fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti dalẹ̀ àgbà. Bí mo bá panu mọ́, ọ̀lẹ ni wọ́n á pè é, wọ́n á lé e. Ẹ sì mọ ẹni tó fẹ́ mú dání? Ó ní òyìnbó òun ò já gaara, ọmọ òun tó mọ̀wé ni yóò gbẹnu sọ fún òun. Ó ń pè mí báyìí pé kí n mú aṣọ tí n ó wọ̀ lọ wá, kí òun bá mi lọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ Àǹtí ní yàrá kejì, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?