Àpótí Iná Tí Ẹ̀gbọ́n Pààrọ̀

Bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ jù nínú èèyàn, egbò ní í dà, ọjọ́ kan sì ni egbò náà máa tú. Ti Àgbà Ẹ̀rọ tú lọ́sàn-án gangan, nídìí tábìlì àbúrò rẹ̀ obìnrin, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó fipá mú un sọ ọ́. Ẹ̀rù ló bò ó mọ́lẹ̀.

Àgbà Ẹ̀rọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kọ̀ǹpútà tó kú, bó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, jíjí ló máa jí. Àbúrò rẹ̀ yìí ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ ní, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ yan ohun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n ló sì tò ó. Kò pẹ́ tí iná fi sọ ní pálọ̀, tó jó kọ̀ǹpútà àti tábìlì rẹ̀ bàjẹ́. Ọkọ obìnrin náà ló gba inú èéfín wọlé lọ gbé ọmọ wọn jòjòló jáde. Àpá iná ọ̀hún ò tíì kúrò lápá rẹ̀. Síbẹ̀ òun náà ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n ní áyọ́ọ̀nù tó fi lọ aṣọ iṣẹ́ láàárọ̀ ni kò pa.

Wọ́n ti kó lọ sílé míràn lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Obìnrin náà na fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n, àwòrán ọjà kún ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti yan ọpọlọ rẹ̀, mo ti yan pátákó tí wọ́n ń to gbogbo ẹ̀ sí. Mo ti rí fáànù tí kì í pariwo. Ó ku àpótí tó ń pín iná. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé èèyàn lè fi gbogbo rẹ̀ ṣeré, àfi ìyẹn. Ẹ bá mi yàn án."

Àgbà Ẹ̀rọ wo fóònù náà, ojú rẹ̀ ò rí nǹkan kan. Ọkọ àbúrò rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó jìnnà sọ́mọ tó ń rákòrò nílẹ̀, àfi bí ẹni pé ọmọ ọ̀hún lè bu òun jẹ.

"Àna mi, ẹ ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí?" Ó kàn fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà ni.

"Mo ti sọ fún ọ̀gá wa pé mi ò wa bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé mọ́." Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, orí mi ò pé mọ́. Bí mo ṣe ń rí yín yìí ni mo rí i pé mo pa áyọ́ọ̀nù yẹn, mo wé wáyà rẹ̀, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, orí tábìlì la ti bá a. Tí ojú mi bá lè purọ́ fún mi tó báyẹn, tí mo bá wá gbàgbé ọmọ ọlọ́mọ sínú bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ọmọ tèmi gan-an, ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e."

Àgbà Ẹ̀rọ rò ó wò. Bí òun bá sọ ọ́, ọkùnrin yìí lè lu òun pa. Bí òun ò bá sọ ọ́, ìṣojú òun ni ọkùnrin náà ti máa ya wèrè, òun á sì tún máa bá wọn wá dókítà kiri. Èyí èkejì yìí ló dẹ́rù bà á jù.

"Orí yín pé," ó wí, ohùn náà ò jọ tirẹ̀. "Èmi ni mo mú kẹ́ ẹ rò pé kò pé."

Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Àpótí iná tá a jọ yàn, ọjọ́ tí mo fẹ́ tò ó ló bọ́ lọ́wọ́ mi sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi. Èmi tí mo máa ń fi àwọn tọ́wọ́ wọn ń gbọ̀n ṣe yẹ̀yẹ́! Mo ti fọ́nnu pé ọjọ́ yẹn lo máa gbé kọ̀ǹpútà náà lọ, o sì ti wà níta tó ò ń dúró. Ojú tì mí. Mo yọ àpótí àlòkù kan lára ẹ̀rọ tó ti kú, mo ṣí bébà ara tuntun yẹn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó ń rùn bíi rọ́bà tó jóná. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo ṣe bí ẹni tímú ẹ̀ dí. Mo ní màá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la. Ọ̀la ò dé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́." Obìnrin náà ti dìde.

"Mi ò tíì sọ èyí tó burú." Ó di etí tábìlì mú. "Nígbà tíná kú, tí gbogbo yín wà níta tẹ́ ẹ ń fẹ́ ọmọ lábẹ̀bẹ̀, èmi nìkan ni mo wọlé. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, níbi tí àpótí wà, ti yọ́. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí áyọ́ọ̀nù lórí kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tíná ò dé, wáyà rẹ̀ wé mọ́ ọn lára. Ọwọ́ mi yìí ló gbé e. Mo tú wáyà rẹ̀, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo da ojú rẹ̀ dé orí igi tó jó. Ìgbà náà ni mo wá kígbe pé, 'Ẹ wá wo ohun tó fà á!'"

Àga ẹnu ọ̀nà dún. Àgbà Ẹ̀rọ dijú, ó ń retí ìgbátí. Kò rí nǹkan kan. Nígbà tó lajú, àna rẹ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Mo pa á," ló ń sọ. "Mo pa á, àbí?"

"Ẹ pa á, bàbá ọmọ mi." Ẹkún ti gba ohùn ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀ ń sọ ọ́, mi ò gbà yín gbọ́."

Àgbà Ẹ̀rọ kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò. "Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin méjèèjì."

Àbúrò rẹ̀ kẹ̀yìn sí i. Ọkọ ló dáhùn. "Ẹ dìde. Ìdáríjì ṣì jìnnà lọ́kàn mi, mi ò ní tàn yín. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ níbí, ẹ máa sọ ọ́ níbẹ̀, kó lè mọ̀ pé orí mi pé."

Wọ́n jọ rìn lọ. Ní ọgbà ọkọ̀, àwọn awakọ̀ ń fọ bọ́ọ̀sì, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn sì ń kí Àgbà Ẹ̀rọ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kíkí náà ń gún un bí ẹ̀gún. Lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá, ó dúró.

"Àna mi, ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀hún."

"Kò sí tèmi níbẹ̀."

Ó wọlé. Ó ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn, ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń kóra jọ níta. "Ẹ sún mọ́ mi, kẹ́ ẹ gbọ́," ó wí. "Lọ́jọ́ tí mo ṣàṣìṣe, ìtìjú ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo sá fún. Ẹ wá wo ibi tí sísá náà gbé mi dé."