Mo Ba Píkọ́ọ̀pù Tuntun Jẹ́ Lójú Àlàájì

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Dírẹ́bà ni mí, Ìkàrẹ́ Àkókó ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sọ ọ́ fún ìmáàmù. Nítorí ohun tí mo ṣe ni bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá náà ń ṣàìsàn báyìí, ó sì fẹ́ ta mí lọ́rẹ. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyí, nítorí ọrẹ náà ò jẹ́ kí n lè jẹun.

Àlàájì ni ọ̀gá mi. Iṣu ni wọ́n ń tà. A máa ń lọ kó o ní Ọ̀kà àti Ìpè, a ó sì gbé e wá sí ọjà Ìkàrẹ́. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ni a fi ń ṣe é, èyí tó ń lo kábúrétọ̀ láti po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yin ọkọ̀ yẹn díẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, kò ní mọ ohun tó ṣe mí.

Ẹ́ńjìnnì gidi ni! Tí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ ó máa rí ilẹ̀ láti òkè. Gbogbo ara rẹ̀ ni ọwọ́ ń dé. Tí kábúrétọ̀ bá dọ̀tí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo ti máa tú u, màá fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, màá dè é padà. Tí iná rẹ̀ ò bá já dáadáa, màá fi ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná ha kọ́ńtáàtì rẹ̀, ó parí.

Ṣùgbọ́n oníjàgídíjàgan ni, ó sì ń mu epo bí ẹni mu omi. Láàárọ̀ ọyẹ́, èmi nìkan ni mo mọ bí a ṣe ń tù ú kó tó dìde. Ẹ ó fa ṣóòkì, ẹ ó tẹ tọ́rótù, ẹ ó sinmi díẹ̀, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́. Tí ẹlòmíràn bá dán an wò, epo á bo púlọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀, wọ́n á tún wá pè mí. Tó bá ti dá mi lóhùn báyìí, àwọn dírẹ́bà ní gáréèjì á hó yèè. Bí mo ṣe di èèyàn ńlá nìyẹn.

Súlè, àkọ́bí Àlàájì, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Òun ló ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan fún bàbá rẹ̀, Àlàájì náà sì dá owó sí i. Ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé ló wà nínú rẹ̀. Kò sí kábúrétọ̀ níbẹ̀ rárá. Ínjẹ́kítọ̀ ló ní, kọ̀ǹpútà kékeré kan ló sì ń wọn epo fún un, bí ìyálé ilé tó ń bu ọbẹ̀ fún ọmọ, kò ní ṣòfò, kò sì ní febi pa ẹnikẹ́ni.

Súlè fúnra rẹ̀ ló wà á wálé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn yí kọ́kọ́rọ́ ni o. Ẹ má tẹ nǹkan kan.”

Mo yí i. Ó dìde wẹ́rẹ́, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo rò pé kò tíì dìde, mo tún yí i, ó sì han gooro bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Gbogbo agbolé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní parọ́ fún yín, ọkọ̀ náà dára ju tiwa lọ fíìfíì. A di iṣu kún un fọ́fọ́ ní Ọ̀kà. Òkè tí mo máa ń fi jíà kìíní gùn, tí màá tún máa ṣe bísímílà, ọkọ̀ yìí fẹ̀sọ̀ gùn ún bí ẹni ń lọ kí àna. Epo tí ti àtijọ́ máa ń mu tán ní àlọ nìkan, òun lò ó ní àlọ àti àbọ̀. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní àwọn tó ṣe èyí, orí wọn pé o!

Àlàájì wá sọ pé, “Alihamudu lilahi. Ẹ jẹ́ ká ta àtijọ́ yẹn. Èyí tí ẹnikẹ́ni lè wà nìyí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Tí ẹnikẹ́ni bá lè wà á, kí ni wọ́n fẹ́ fi èmi ṣe?

Lọ́jọ́ kan tí mò ń nu ẹ́ńjìnnì tuntun náà, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mo ṣèèṣì fa wáyà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iná kan sì tàn níwájú ìjókòó dírẹ́bà. Mo tì í padà, ara rẹ̀ balẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí èmi àti Àlàájì tún lọ kó iṣu ní Ọ̀kà, kí a tó gbéra padà, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń wo omi. Mo fa wáyà náà díẹ̀. Kò já, lójú ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò kan ibi tó yẹ kó kàn dáadáa. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹrù, ọkọ̀ náà kọ̀. Iná yẹn tàn.

Àlàájì ní, “Iná kí nìyí?”

Mo ní, “Àlàájì, ó ń sọ fún wa pé òun ò lè mọ́ ni. Òkú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n gbé fún Súlè.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún mi. A pe mẹkáníìkì wa. Ọ̀gá ni nídìí kábúrétọ̀, ṣùgbọ́n lásìkò yẹn kò tíì sí ẹni tó mọ irú ẹ́ńjìnnì yìí ní ṣọ́ọ̀bù tiwa. Ó wá kábúrétọ̀ títí, kò rí i. Ó ní, “N ò tiẹ̀ rí ibi tí mo fẹ́ tú.” Ló bá fara mọ́ ohun tí mo sọ.

Súlè pè mí lórí fóònù. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Mo wà á láti Èkó, kò ṣe nǹkan kan.”

Mo ní, “Àbúrò, mo ti wò ó.”

Àlàájì já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní Súlè ti jẹ owó òun mọ́lẹ̀, ó wá ra òkú ọkọ̀ kó lè pa òun sórí òkè Ọ̀kà. Mo dúró tì wọ́n, mo ń wolẹ̀. Súlè ò wálé ní Iléyá ọdún yẹn, kò sì tíì wálé títí di òní. Wọ́n ta ọkọ̀ náà ní ọ̀pọ̀ fún ọkùnrin kan ní Ìṣùà. Èmi padà sídìí kábúrétọ̀ mi, wọ́n sì ń yìn mí.

Láìpẹ́ yìí mo rí ọkọ̀ náà ní Ìṣùà, ó ru pákó, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú mi dùn láti rí i, ẹ gbà mí gbọ́. Mo bi ẹni tó ni ín bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ní rárá, pé ọjọ́ tí wọ́n rà á, ẹnìkan kàn fi àtàǹpàkò tẹ wáyà kan wọlé ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àlàájì ránṣẹ́ pè mí. Wọn ò lè dìde mọ́. Wọ́n ní kí n máa mú píkọ́ọ̀pù àtijọ́ lọ, ó ti di tèmi. Wọ́n ní, “Ọmọ tí mo bí tàn mí jẹ. Ìwọ tí n ò bí ló sọ òtítọ́ fún mi.” Ìyá Súlè yíjú sí ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì dúpẹ́.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Súlè wá bá mi nílé. Ó ní Àlàájì ń pe orúkọ Súlè lójú oorun, pé nọ́ńbà Súlè ti sọnù mọ́ òun lọ́wọ́, kí n jọ̀ọ́ bá òun wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní nọ́ńbà náà. Kò fìgbà kan kúrò lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún ìyá náà pé màá bá wọn wá a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, bàbá ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni àbí ọmọ? Ẹ tètè dá mi lóhùn, torí Àlàájì ò lè dúró pẹ́ mọ́.